Ta ni Joe Dolan, tí orin rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn ìyá àgbà yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe nílùú Mullingar, lórílẹ̀-èdè Írẹ́lándì. Ìyá àgbà kan wà lọ́dọ̀ wa tó jẹ́ pé nígbà míì kì í rántí orúkọ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Àmọ́ bí a bá ti gbé orin Joe Dolan sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀, á sì kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ère ọkùnrin yìí wà láàárín ìgboro, ojoojúmọ́ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní olórin showband ni. Kí ló ń jẹ́ showband? Ta tiẹ̀ ni Joe Dolan, kí ló sì dé tí wọn ò fi gbàgbé rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbàgbé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, arábìnrin, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn àgbà. Ẹsẹ̀ ìyá yẹn tí ẹ ní ó ń lu ilẹ̀ ni kí ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, torí ìdí ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ showband ti bẹ̀rẹ̀. Orin ijó ni. Olórin tí kò bá lè gbé ẹsẹ̀ èèyàn kúrò nílẹ̀ kò lè jẹun nídìí rẹ̀, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí Írẹ́lándì ṣe rí nígbà náà. Nígbà tí wọ́n ka orí àwọn èèyàn ibẹ̀ ní ọdún 1961, gbogbo wọn kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.8 lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba láti wá iṣẹ́ ṣe, àwọn tó kù sílé sì ń wo ojú ara wọn. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tiwọn kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1961. Bí orin tuntun bá wá gbòde ní Amẹ́ríkà, báwo ni ọmọ àgbẹ̀ tó ń gbé lábúlé Westmeath tàbí Leitrim ṣe máa gbádùn rẹ̀? Ó lè gbọ́ ọ fìrí lórí rédíò, àmọ́ rédíò kì í múni pàdé ọmọge. Showband ló ń gbé orin náà wá bá a dé ẹnu ọ̀nà.

Ṣáájú kí wọ́n tó dé, àwọn ẹgbẹ́ eléré tó ń jókòó ló wà. Kóòtù dúdú ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á jókòó sẹ́yìn igi tí wọ́n ń gbé ìwé orin lé, wọ́n á máa ka nóòtì, wọn kì í gbójú sókè wo ẹni tó ń jó. Nínú àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ kan láti ìlú Strabane, tí wọ́n ń jẹ́ Clipper Carlton, ti àga sẹ́yìn, wọ́n dìde dúró. Wọ́n wọ aṣọ aláràbarà, wọ́n ń jó bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè, wọ́n ń ṣe àwàdà láàárín orin kan sí èkejì. Àwọn yòókù rí i, wọ́n sì dìde tẹ̀ lé wọn. Bí orúkọ náà ṣe wáyé nìyẹn: eléré tó ń kọrin tó tún ń fi ara ṣeré fún yín wò.

Èèyàn méje tàbí mẹ́jọ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Onígìtá, oníbẹ́ẹ̀sì, onílù, ẹni tó ń tẹ dùùrù, pẹ̀lú àwọn afọnfèrè tó ń fọn trumpet, trombone àti saxophone. Ohun tí àwọn eléré tiwa ń pè ní kọ́píráìtì ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á mú orin Elvis, orin Cliff Richard, orin Jim Reeves, wọ́n á kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú àwo. Lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ kan náà á kọ rọ́kì, á kọ orin kántírì, á kọ orin ìbílẹ̀ Írẹ́lándì fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀. Ẹni tó bá rántí àwọn ẹgbẹ́ háílàìfù ní Èkó àti Ìbàdàn láyé Bobby Benson àti Victor Olaiya á lè fojú inú rí i: aṣọ kan náà lọ́rùn gbogbo ẹgbẹ́, fèrè tó ń dán níwájú, ijó tí kò ní tán títí ọ̀gànjọ́. Àmọ́ àwọn tiwa ń dá orin sílẹ̀ fúnra wọn. Àwọn ti Írẹ́lándì kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sì máa rí i láìpẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bà jẹ́ mọ́ púpọ̀ nínú wọn lọ́wọ́.

Jim Reeves tí mo dárúkọ yìí, tí àwọn bàbá wa máa ń gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, rin ìrìn àjò lọ sí Írẹ́lándì ní 1963, ó sì kọrin káàkiri àwọn gbọ̀ngàn ijó wọ̀nyí. Inú bí i sí àwọn dùùrù tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ dè é, torí ohùn púpọ̀ nínú wọn ti ṣá. Nítorí náà, bí ìyá yẹn bá tún mọ orin Jim Reeves, kí ó má yà yín lẹ́nu. Ẹ̀yin méjèèjì lè jọ kọ ọ́.

Gbọ̀ngàn ijó ọ̀hún ńkọ́? Ilé gbọọrọ kan ni, lẹ́bàá títì, nígbà míì tí kò sí ilé mìíràn nítòsí rẹ̀ ju ilé ìjọsìn lọ. Àwọn ọkùnrin á tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kan, àwọn obìnrin á tò sí ìkejì, ilẹ̀ pákó tí wọ́n ti fi ìda pa títí tó fi ń yọ̀ á wà láàárín wọn. Bí fèrè bá ti dún, àwọn ọkùnrin á rọ́ kọjá bí omi tó ya bàrà, kálukú á lọ na ọwọ́ sí ẹni tí ojú rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ látìgbà tó ti wọlé. Ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún á tún gba orí ilẹ̀ yẹn padà, gbogbo ojú á sì máa wò ó. Wọn kì í ta ọtí líle níbẹ̀. Tíì ni wọ́n ń tà, àti mínírà. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni mo kọ yẹn o: orúkọ tí a ń pe ọtí ẹlẹ́rìndòdò nílé náà ni àwọn ará Írẹ́lándì ń pè é. Bí Lẹ́ńtì bá dé, púpọ̀ nínú gbọ̀ngàn wọ̀nyí á tilẹ̀kùn, torí àwọn fádà kò fẹ́ gbọ́ ìró ijó lásìkò ààwẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ á kó fèrè wọn sọ́kọ̀, wọ́n á lọ kọrin fún àwọn ọmọ Írẹ́lándì tó wà ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà. Owó ńlá wà nídìí rẹ̀. Albert Reynolds, tó di olórí ìjọba Írẹ́lándì láti 1992 sí 1994, ìdí gbọ̀ngàn ijó tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ́ káàkiri ló ti kọ́kọ́ lówó lọ́wọ́.

Inú ayé yẹn ni Joe Dolan bá ara rẹ̀. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1939 ni wọ́n bí i, ní Mullingar tí ẹ wà yẹn gan-an, òun sì ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ mẹ́jọ. Ó ṣì kéré nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, kò sì tíì pé ogún ọdún tí ìyá náà fi tẹ̀ lé e. Àwọn ẹ̀gbọ́n ló di òbí fún un. Ben, tó ń fọn saxophone, ni ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ jù, Ben yìí kan náà ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìtàgé títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Iṣẹ́ tí Joe kọ́ kì í ṣe orin. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Westmeath Examiner ló ti kọ́ṣẹ́ títo lẹ́tà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí, torí kò sí mọ́. Lẹ́tà òjé wẹ́wẹ́ á kún inú àpótí olójú púpọ̀. Ọmọ iṣẹ́ á gbá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú lọ́wọ́ òsì, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì kọ ojú sódì kó tó lè tọ̀nà lórí bébà. Tí ó bá ṣe àṣìṣe lẹ́tà kan, gbogbo ìlú ló máa kà á. Lójú tèmi, iṣẹ́ yẹn wà nínú orin rẹ̀ títí. Ohùn Joe Dolan lè lọ sókè títí kí ẹ máa rò pé ó fẹ́ já, àmọ́ ẹ ò ní pàdánù ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Gbogbo rẹ̀ ló ń yọ gedegbe. Mo rò pé ìdí kan nìyẹn tí ìyá àgbà yìí fi lè kọ ọ́ tán pátá.

Òun àti Ben àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Drifters sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àwo wọn àkọ́kọ́, The Answer to Everything, jáde ní 1964. Del Shannon ti Amẹ́ríkà ti kọ orin yẹn ṣáájú wọn, nítorí náà kọ́píráìtì ni, àmọ́ ó tà. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ wọn kò ti dúró mọ́, ìlú dé ìlú, alẹ́ dé alẹ́.

Ní 1968, ẹgbẹ́ tú. Púpọ̀ nínú àwọn Drifters bá tiwọn lọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ tí wọ́n pè ní The Times. Ó ku Joe àti Ben. Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe máa ń rí bí ẹgbẹ́ eléré bá pín sí méjì. Ọ̀pọ̀ olórí kì í gbádùn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì kó àwọn eléré tuntun jọ, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí orin tó yí ayé rẹ̀ padà fi dé ọwọ́ rẹ̀.

Albert Hammond, tó dàgbà ní Gibraltar, àti Mike Hazlewood ló kọ Make Me an Island. Joe gbé e jáde ní 1969. Ọkùnrin kan ló ń bẹ olólùfẹ́ rẹ̀ pé kó sọ òun di erékùṣù, kí òun lè jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí èèyàn létí. Díẹ̀díẹ̀, fèrè á máa wọlé tọ̀ ọ́. Nígbà tó bá fi dé ègbè, ọkùnrin náà ti gbé ohùn lọ sókè níbi tí púpọ̀ nínú ọkùnrin kò lè dé, kò sì rẹ ohùn náà sílẹ̀, ńṣe ló ń fi gbogbo àyà bẹ̀bẹ̀. Orin yẹn dé ipò kẹta ní Ìlú Ọba. Teresa tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà, ó dé ipò ogún. You're Such a Good Looking Woman dé ipò kẹtàdínlógún ní 1970.

Ibi tí ìdáhùn ìbéèrè yín gan-an wà nìyí. Iṣẹ́ tí showband ń jẹ ni pé kí wọ́n gbé orin ẹlòmíì wá bá ẹni tí kò lè rí ẹlòmíì náà. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n wọ ilé gbogbo, tí àwo orin sì di ohun tí ọmọ ọ̀dọ́ lè rà, wọ́n gbọ́ Elvis láti ẹnu Elvis. Ta ló tún máa sanwó gbọ́ ẹni tó ń sín Elvis jẹ? Láàárín àkókò kan náà, àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ijó níbi tí ọtí ti wà, dískò sì dé. Gbọ̀ngàn ẹlẹ́tíì àti mínírà kò lè bá wọn du ú. Nígbà tí àyípadà yẹn dé, Joe Dolan ní orin tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbọ́ Make Me an Island bó ṣe yẹ kó dún, òun ni wọ́n gbọ́dọ̀ wá bá.

Kì í ṣe pé òun ló dára jù nínú wọn ní gbogbo ọ̀nà. Bí a bá ń sọ agbára lórí ìtàgé, Brendan Bowyer ti ẹgbẹ́ Royal, ọmọ Waterford, ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹgbẹ́ Royal tóbi débi pé lẹ́ẹ̀kan ní Liverpool, ní 1962, àwọn Beatles ló ṣí eré fún wọn. Orin rẹ̀, The Hucklebuck, ṣì ń mú àgbàlagbà dìde nínú ìgbéyàwó ní Írẹ́lándì títí dòní. Àmọ́ Bowyer lọ fi Las Vegas ṣe ibùgbé, níbẹ̀ ló sì kú sí ní 2020. Dickie Rock ti ẹgbẹ́ Miami, ọmọ Dublin, náà gbajúmọ̀ gan-an. Òun ló ṣojú Írẹ́lándì nínú ìdíje orin Eurovision ní 1966, ó sì gba ipò kẹrin. Ó kú ní 2024. Olórin gidi ni àwọn méjèèjì.

Mi ò lè dárúkọ ẹgbẹ́ Miami kí n kọjá lọ bẹ́ẹ̀, torí ìyá tí ẹ ń tọ́jú á rántí ọjọ́ yìí, ó sì lè dùn ún. Lóru ọjọ́ 31 oṣù Keje 1975, lẹ́yìn tí Dickie Rock ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹgbẹ́ náà ń bọ̀ láti òde eré ní Banbridge, ní Àríwá Írẹ́lándì, wọ́n ń lọ sí Dublin. Àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ ológun dá ọkọ̀ wọn dúró, wọ́n ní kí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń gbé bọ́ǹbù sínú ọkọ̀ náà nígbà tó bú gbàmù mọ́ méjì nínú wọn lọ́wọ́. Àwọn yòókù bá yìnbọn fún àwọn eléré. Fran O'Toole tó ń kọrin, Brian McCoy tó ń fọn trumpet, àti Tony Geraghty onígìtá kú. Lára àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi nígbà tó yá, àwọn kan jẹ́ ọmọ ogun lóòótọ́. Ẹgbẹ́ Miami ní Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì nínú, ìhà méjì tó ń bára wọn jà níbẹ̀ nígbà náà, ó sì ń kọrin fún àwọn méjèèjì nínú gbọ̀ngàn kan náà. Lẹ́yìn alẹ́ yẹn, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ eléré láti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Bí ìyá bá dákẹ́ lójijì nígbà tí wọ́n bá dárúkọ Miami, ẹ jẹ́ kó dákẹ́.

Joe ń kọrin lọ ní tirẹ̀. Lady in Blue gbé orúkọ rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù ní 1975. Ní 1978 ó lọ kọrin ní Soviet, nígbà tí olórin Ìwọ̀ Oòrùn tó ń débẹ̀ kò pọ̀. Ó tún lọ sí Gúúsù Áfíríkà nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà lórí oyè, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀. Èyí dùn mí, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Mo fẹ́ràn ohùn ọkùnrin yìí, mo sì mọ̀ pé nínú àwọn èèyàn dúdú tó ni ilẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ni kò lè jókòó síbi tí àwọn òyìnbó jókòó sí láti gbọ́ ọ. Kò yẹ kó lọ.

Lẹ́yìn gbogbo ìrìn àjò wọ̀nyí, ibi tó ń padà sí ni Írẹ́lándì. Bí ẹ bá wà ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn ọdún 1980, ó ṣeé ṣe kí Joe Dolan wá sí òtẹ́ẹ̀lì yín lọ́dún yẹn, nínú kóòtù àti ṣòkòtò funfun, kó sì kọrin títí òógùn á fi rin aṣọ náà gbingbin. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀, pé kò sí eré tó dà bí eré Joe. Ìyá kan tó jó níwájú rẹ̀ lọ́mọge á mú ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ wò ó ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ yẹn náà á sì jó. Ní 1997, òun àti Dustin, ọmọláńgidi tòlótòló kan tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn lórí tẹlifíṣọ̀n, tún Good Looking Woman kọ, ó sì gba ipò kìíní ní Írẹ́lándì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó mú orin àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà, bí àwọn Blur àti Pulp, ó kọ wọ́n lọ́nà tirẹ̀. Kọ́píráìtì ló tún padà sí, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ohùn tirẹ̀ ni àwọn èèyàn wá gbọ́ nínú orin ẹlòmíì.

Nígbà tí ọdún 2007 ń parí lọ, àárẹ̀ mú un, ó fagi lé àwọn eré tó kù. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, àìsàn kì í mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ya sí i lọ́pọlọ, ó sì kú lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, nílé ìwòsàn ní Dublin. Ẹni ọdún 68 ni. Mullingar ni wọ́n gbé e padà sí, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú yín ni wọ́n sì ti ṣe ìsìn ìkẹyìn fún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé ère tí ẹ ń rí yẹn kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá gbà yín nímọ̀ràn nípa ìyá wa. Bí ó bá ṣòro fún un láti dìde láàárọ̀, Good Looking Woman ni kí ẹ fi sí i, ti 1970, kì í ṣe ti tòlótòló. Make Me an Island dára ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má kàn bi í pé ṣé ó rántí Joe Dolan. Ẹ bi í pé gbọ̀ngàn wo ló ti máa ń jó, ta ló máa ń bá lọ, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gùn ni àbí wọ́n wọ ọkọ̀, kí ló wọ̀. Ohun tí ojú rí àti ohun tí ara wọ̀ lè wá sí i lẹ́nu ṣáájú orúkọ. Ohun kan tún wà nínú àwọn gbọ̀ngàn yẹn tí mi ò tíì sọ. Ní ìgbà kan láàárín alẹ́, eléré á dúró, á kéde pé ó ti kan àwọn obìnrin. Àwọn ni wọ́n á kọjá lórí ilẹ̀ pákó yẹn lọ́tẹ̀ yìí láti lọ yan ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Bí ìyá bá wá na ọwọ́ sí yín lọ́jọ́ kan bí orin ṣe ń lọ, ẹ gbé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ ná, kí ẹ dìde.